Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlejò: D. J. Enright ní Ìlú Singapore, 1960 sí 1970

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò sọ pé òpè ni àlejò. Ohun tí ó ń sọ ni pé àlejò a máa rí nǹkan láì mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àlejò bá pa ẹnu mọ́, àìmọ̀kan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é ní ibi. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá jẹ́ olùkọ́, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pè é wá, ọ̀nà wo ni yóò gbé e gbà? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ D. J. Enright, akéwì àti olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Singapore ní ọdún 1960.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí Enright ní Leamington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ó kọ́ni ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì láti 1947 sí 1950. Ó kọ́ni ní Japan láti 1953 sí 1956. Ó dé Berlin. Ó sì lo 1957 sí 1959 ní Yunifásítì Chulalongkorn ní Bangkok. Aáwọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá ni ó fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀ ní Bangkok. Nígbà tí ó fi máa dé Singapore, kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí ìyà àlejò ti ń rí.

Ìlú tí ó dé náà ń yí padà lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1959 ni Singapore gba ìjọba ara-ẹni lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí Lee Kuan Yew sì di olórí ìjọba. Ìkànìyàn ọdún 1957 fi hàn pé ènìyàn 1,445,929 ni ó ń gbé ibẹ̀. Bí a bá kó mẹ́rin jọ nínú wọn, bí mẹ́ta jẹ́ ọmọ Ṣáínà. Àwọn Malay àti àwọn ará Íńdíà ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ọdún 1949 ni wọ́n dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n dá ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà fún ẹ̀kọ́ gíga ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó bí àwọn méjèèjì.

Ìgbésí ayé olùkọ́ àlejò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé. Singapore wà nítòsí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nítorí náà oòrùn àti òjò ni ó pín ọdún láàárín ara wọn; kò sí òtútù, kò sí yìnyín. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní ewì Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ní láti ṣàlàyé ìgbà òtútù fún akẹ́kọ̀ọ́ tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ìgboro, àwọn tí ń kiri oúnjẹ a máa gbé ọ̀pá lé èjìká, ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná ní ìpẹ̀kun kan, abọ́ ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹran tí a gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì yan, bíi sùyà tiwa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Hokkien, Teochew, Cantonese, Tamil àti Malay ọjà ni etí ń gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni olùkọ́ àlejò nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọjà, ọmọdé tí ń ta èso gbọ́n jù ú lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1960, Enright ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń gorí àga. Orí Robert Graves, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà lé. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ inú ọ̀rọ̀ Graves, ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àṣà. Ìjọba tuntun ń gbógun ti ohun tí wọ́n kà sí àṣà ìbàjẹ́, wọ́n sì ti fòfin de àwọn ẹ̀rọ olórin tí a ń sọ owó sí kí ó tó kọrin. Enright ní kí wọ́n fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́. Ó ní ìjọba kò lè jókòó kí ó máa ṣe àṣà bí ẹni ń po oògùn. Ó sì fi àṣà tí a fi sarong, ìró àwọn Malay, àti ìdíje pantun, ewì wọn, ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn *The Straits Times* gbé ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà jáde. Graves fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ìjọba ránṣẹ́ pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà, wọ́n fún un ní lẹ́tà líle, wọ́n sì kìlọ̀ pé àwọn lè gba ìwé àṣẹ tí ó fi ń gbé ìlú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú jẹ́ ti ọmọ onílùú, kì í ṣe ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n alágbe tí ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Kí ni ó fa irú ìbínú yìí? Ẹni tí ó bá wo ẹ̀fẹ̀ náà nìkan kò ní rí ìdí rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ohun tí ìjọba Singapore ń lépa ni kí ìlú náà dara pọ̀ mọ́ Malaya, níbi tí agbára òṣèlú wà lọ́wọ́ àwọn Malay. Èdè Malay ni wọ́n fi ṣe èdè orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ẹni tí ó fi sarong ṣẹ̀fẹ̀ ti tẹ ojú egbò. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí àjèjì ti ṣe olórí fún láti 1819 kò fẹ́ kí àjèjì mìíràn tún máa kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe ilé wọn. Ìdájọ́ tí ó tọ́ gbọ́dọ̀ gba èyí rò. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba èkejì rò pẹ̀lú: bí olùkọ́ yunifásítì kò bá lè sọ èrò rẹ̀ nípa àṣà, kí ni yóò wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ rí ẹ̀gbẹ́ kejì yìí. Ọmọ onílùú ni wọ́n, kò sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní alágbe. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì bá ìjọba wí pé ó ń dí ẹnu ọ̀rọ̀ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò: Enright kọ̀wé pé òun kò pète láti dá sí òṣèlú ìlú, ìjọba gba àlàyé rẹ̀, iná ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Kò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó wà níbẹ̀ títí di 1970, ó rí i tí ìlú náà wọ Malaysia ní 1963, tí ó sì di orílẹ̀-èdè olómìnira ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1965. Ní àárín ọdún wọ̀nyí ni ó tẹ ìwé ewì *Addictions* jáde ní 1962 àti *Unlawful Assembly* ní 1968.

Ní 1969 ni ó kọ ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. *Memoirs of a Mendicant Professor* ni ó pe ìwé náà: èébú tí wọ́n bú u ní 1960 ni ó gbé wọ̀ bí ẹ̀wù oyè. Ní 1970 tí ó kúrò, Edwin Thumboo, akéwì ọmọ Singapore tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì kan náà, parí ìwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí ewì tí àwọn ọmọ Áfíríkà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ọmọ onílùú ti ń fúnra rẹ̀ yan ibi tí ojú rẹ̀ yóò wò, títí kan ilẹ̀ tiwa. Ohun tí Enright bẹ̀bẹ̀ fún ní ọjọ́ kìíní náà nìyẹn. Enright kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2002. Ìjọba tí ó bá a wí kò ṣàìní ìdí, òun náà kò sì ṣàìní òtítọ́ lẹ́nu. Ohun tí ó kù fún un ní Bangkok àti Singapore ni ohun tí ó kù fún gbogbo àlejò tí ń kọ́ni: kí ó mọ ìtàn ilé kí ó tó fi aṣọ onílé ṣe ẹ̀fẹ̀.