Táíwò Kò Ní Orílẹ̀: Bí Orúkọ Ìbejì Ṣe Di Orúkọ Ìdílé ní Òkè-Òkun

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí a ti mọ orúkọ wọn kí a tó wo ilé, nítorí pé láti ọ̀run ni wọ́n ti mú un wá. Ìbejì ni olórí nínú wọn. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni Táíwò, èyí tí ó tẹ̀lé e ni Kẹ́hìndé. Bàbá wọn ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ ìwọ̀fà, kò lè yí i padà.

Lónìí, Táíwò kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan mọ́. Ó ti di orúkọ ìdílé tí àwọn ènìyàn ń jẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní ibòmíràn, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ìbejì rárá. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín, àti ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè sọ fún wa nípa ẹni tí ń jẹ́ ẹ, àti èyí tí kò lè sọ.

Ohun kan ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ìlú òyìnbó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí síbẹ̀ tọ̀ mí wá. Táíwò ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, ó sì ti kà á níbì kan pé Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé ẹbí ni wá.” Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò lè dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í léèrè pé, “Kí ni oríkì orílẹ̀ yín?” Kò mọ̀ ọ́n.

Táíwò ní ilé

Àwọn àgbà sọ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó rán àbúrò rẹ̀ ṣáájú pé kí ó lọ tọ́ ayé wò, bóyá ó dùn. Igbe tí ọmọ náà bá ké ni iṣẹ́ tí ó fi ránṣẹ́ padà. Láti inú “tọ́ ayé wò” ni a ti rí Táyéwò àti Táíwò, ibẹ̀ náà ni Táyé àti Táyélolú ti wá. Kẹ́hìndé ni ẹni tí ó kẹ́hìn dé. Ọmọ tí a bá bí lé wọn ni Ìdòwú, èyí tí ó bá tẹ̀lé Ìdòwú ni Àlàbá. Samuel Johnson ka àwọn orúkọ wọ̀nyí mọ́ orúkọ amútọ̀runwá nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Orúkọ amútọ̀runwá ń sọ bí ọmọ ṣe wáyé. Kò sọ ọmọ ilé tí ó jẹ́. Ọkùnrin ń jẹ́ Táíwò, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni wọ́n jọ ń sọ ọ́. Oríkì ìbejì pàápàá kò yà wọ́n sọ́tọ̀: Ìṣokùn ni ó fi ṣe ìlú gbogbo wọn, ẹdun orí igi ni ó sì fi wọ́n wé, ibi yòówù kí a ti bí wọn.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó Igbó-Ọrà. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ó fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Oníṣègùn aboyún kan, P. P. S. Nylander, ṣe ìwádìí nípa ìbí ìbejì níbẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1969: nínú ìbímọ 1,000, nǹkan bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá kò ju nǹkan bí 4 lọ nínú ìbímọ 1,000, níbi gbogbo láyé. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì ni ó pọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ọbẹ̀ ilasa ni ó fà á, àwọn mìíràn a ní iṣu ni. Àwọn onímọ̀ a sì máa wo ohun tí ọmọ jogún lára ìyá, nítorí kò tíì sí ẹ̀rí tí ó fi ìdí ti ọbẹ̀ tàbí ti iṣu múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ìbímọ 45 nínú 1,000 bá jẹ́ ti ìbejì, ọmọ 90 nínú ọmọ 1,045 ni ìbejì, èyí ni ẹnì kan nínú nǹkan bí 12. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá dúró láàrin ọjà tí ó ké “Táíwò!” yóò rí ènìyàn púpọ̀ tí yóò wẹ̀yìn wò. Nítorí náà ni àwọn ará ilé fi máa ń so orúkọ mọ́ agboolé: Táíwò ilé alágbẹ̀dẹ, Táíwò ilé ọdẹ. Táíwò sọ bí ó ṣe wáyé, agboolé sọ ẹni tí ó jẹ́. Èkejì yìí ni ó sọnù lójú ọ̀nà òkun.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ sọdá

Kò yẹ kí a rò pé ìgbà ìwé ìrìnnà ni orúkọ yìí kọ́kọ́ ré òkun kọjá. Nígbà ogun àti òwò ẹrú, ìbejì wà lára àwọn tí a kó lọ bí àwọn ọmọ yòókù. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown. Àwọn akọ̀wé níbẹ̀ àti ní Havana kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ bí etí wọn ti gbọ́ ọ. Orúkọ tí a ti kó jọ láti inú àwọn ìwé náà lé ní 91,000, wọ́n sì ṣe é wá kiri lónìí fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Síbẹ̀, orúkọ ilé kọ́ ni ó di orúkọ ìdílé fún wọn. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Amútọ̀runwá ni Àjàyí náà; òun ni à ń sọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú, ní 1822 ni a gbà á sílẹ̀, ní ọdún 1825 ni a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Crowther ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní.

Ní Kúbà àti Bràsílì, orúkọ ìdílé àwọn olówó ẹrú ni wọ́n fi lé àwọn baba ńlá lórí. Nítorí náà, Táíwò kò rí ààyè nínú ìwé. Inú ìsìn ni ó sá sí. Ní Kúbà, Taebo àti Kainde ni orúkọ àwọn òrìṣà ìbejì. Ní Bràsílì, Ìbejì bá Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́ ìbejì, dọ́gba. Ní 27 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará Bahia a máa se ilá lọ́pọ̀lọpọ̀ fún àwọn ọmọdé nítorí wọn. Títí di òní, orúkọ náà ṣì ń yọ lọ́nà yìí. Àwọn ìbejì akọrin kan wà tí a bí ní Paris ní 1994, tí bàbá wọn jẹ́ ará Kúbà. Ibeyi ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn, Lisa-Kaindé sì ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n Díaz ni orúkọ ìdílé wọn.

Bí orúkọ ọmọ ṣe di orúkọ ìdílé

Ilé gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ bí ẹni jogún oko. Nígbà tí ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ẹjọ́ dé, wọ́n bèèrè orúkọ méjì lọ́wọ́ olúkúlùkù. Tíṣà a béèrè pé, “Kí ni orúkọ bàbá rẹ?” Bí ọmọ bá dáhùn pé “Táíwò,” wọ́n a kọ ọ́ sílẹ̀ ní James Táíwò. Nígbà tí James bá bímọ, wọn kì í béèrè orúkọ bàbá ọmọ mọ́. Orúkọ ìdílé ni wọ́n ń béèrè. Táíwò tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ti di ti ìran rẹ̀ nìyẹn, yálà wọ́n jẹ́ ìbejì tàbí wọn kò jẹ́ ẹ.

Oníṣòwò pàtàkì nì ní Èkó, Daniel Conrad Táíwò, tí gbogbo ìlú ń pè ní Táíwò Olówó, tí ó sì kú ní 1901, fi bí nǹkan ti rí ní ìgbà náà hàn: orúkọ ìrìbọmi wà níwájú, ti ọ̀run wà lẹ́yìn. Ní àkókò kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ òyìnbó sọnù. Ní 1894, David Brown Vincent di Mọ́jọlá Agbebí. Ìgbésẹ̀ rere ni, nítorí ó dá iyì orúkọ wa padà. Ṣùgbọ́n àṣà orúkọ ìdílé kò bá orúkọ òyìnbó lọ. Ó dúró, a sì fi orúkọ Yorùbá kún inú rẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni èyí bá. Ní Dàhọ̀mì, tí ó di Benin ní 1975, Zinsou àti Sagbo ni àwọn Fọ̀n ń sọ ìbejì ọkùnrin, Dossou sì ni Ìdòwú wọn. Émile Derlin Zinsou, tí a bí ní Ouidah ní 1918, jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ náà láti 1968 sí 1969. Lionel Zinsou, ọmọ ìbátan rẹ̀ tí a bí ní Paris ní 1954, jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ láti 2015 sí 2016. Orúkọ ìbejì ti di ti ìdílé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí àwọn Táíwò wà lónìí

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé irú orúkọ ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1925 tí Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London, wọn kò pọ̀. Wọ́n pọ̀ sí i lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945. Lẹ́yìn ìgbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà bàjẹ́, tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ní 1986, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan mọ́. Tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn ni ó ń lọ, sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, sí Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà sí Kánádà.

Àpẹẹrẹ díẹ̀ yóò tó. Agbábọ́ọ̀lù Táyé Táíwò, tí a bí ní Èkó ní 1985 tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Marseille ní ilẹ̀ Faransé, ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì: èkíní ni tirẹ̀, èkejì ni ti ìdílé. Kehinde Wiley, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ó ya àwòrán Ààrẹ Obama tí a ṣí ní 2018, jẹ́ ìbejì ní tòótọ́. Ní tirẹ̀, orúkọ ọ̀run dúró sí ipò rẹ̀ àtijọ́ níwájú, Wiley sì ni orúkọ ìdílé. Èyí tí ó wù mí jù ni ti àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Yunifásítì Cornell, èkejì ní Georgetown. Olúfẹ́mi Táíwò ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé a máa fi ìwé ọ̀kan pe ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ìbátan.

Ohun tí orúkọ náà kò lè sọ

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí a mú ìbejì méjì, ọkùnrin méjèèjì, ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan. Àwọn ọmọ Táíwò yóò wọ ilé-ìwé pẹ̀lú orúkọ Táíwò, àwọn ọmọ Kẹ́hìndé pẹ̀lú orúkọ Kẹ́hìndé. Ìran kan ṣoṣo ni wọ́n, oríkì kan ni a fi ń kì wọ́n, èèwọ̀ kan ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ìwé ti pín wọn sí ìdílé méjì. Ní ọwọ́ kejì, Táíwò ará Èrúwà àti Táíwò ará Ìjẹ̀bú jókòó sí kíláàsì kan. Ìwé sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ kò sì pa wọ́n pọ̀ níbì kankan. Orúkọ tí ó ń ya ọmọ ìyá nípá, tí ó sì ń so àjèjì pọ̀, kò lè ṣe atọ́nà fún ẹni tí ń wá ilé.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ní ilé, kí á tó tọrọ ìyàwó, ẹbí a máa wádìí kí àwọn tí ó jọ ní ẹ̀jẹ̀ má baà fẹ́ ara wọn. Ní òkè-òkun, orúkọ ìdílé nìkan ni ọ̀dọ́ méjì mọ̀ nípa ara wọn. Táíwò àti Táíwò lè máa sá fún ara wọn lásán, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí bàbá wọn àgbà jọ wà nínú oyún kan, sì fẹ́ra láìbẹ̀rù.

Oríkì orílẹ̀ ni a fi ń dá ìran mọ̀: Oníkòyí, Olúòjé, Ọ̀pómúléró àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ nínú irú rẹ̀ jọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967, ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ èyí tí í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fún wa. Ẹnu àwọn ìyá wa àgbà ni ìyẹn wà. Mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá, pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, kí wọ́n ní kí ọmọ náà béèrè ohun mẹ́ta nílé: ìlú, agboolé, àti oríkì orílẹ̀. Ìlà kan péré ni yóò gbà nínú ìwé. Bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá ti kọjá lọ, owó kò lè rà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú tẹ ìyá rẹ̀ àgbà láago ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán ni màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọmọ Oníkòyí ni. Kì í ṣe ará Igbó-Ọrà, kì í sì í ṣe ẹbí mi. Ó padà wá sọ fún mi ní ọjọ́ kejì, ó ní òun kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé, ṣùgbọ́n òun ti ní kí màmá tún un kì, òun sì ti gbà á sílẹ̀.