Omi Nínú Iṣẹ́ Adìrẹ Ìbàdàndùn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ adìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ṣíbí tí wọ́n yà sáàrin òpó ni a máa ń tọ́ka sí. Lójú tiwa, omi ni ó yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Omi tí a sẹ́ láti inú eérú, nínú ìkòkò tí a lu nídìí, ni ó ń yọ aró lára èlú. Omi lásán kò tó o ṣe. Aró tútù ni wọ́n sì ń rẹ aṣọ sí, nítorí omi gbígbóná yóò yọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya òpó náà, Mápó a sì pòórá. (Orúkọ àwòrán nìkan ni a sì máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò!) Nígbà tí sódà kọ́sítíìkì gba ipò omi eérú, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n omi tí ń bó ọwọ́ aláró ni gọ́tà ń gbé lọ sódò.