Èso Esere ti Kàlàbá

Esere ni àwọn Èfìk ti Kàlàbá ń pe èso májèlé ewéko kan tí ń lọ́ mọ́ igi létí odò. Physostigma venenosum ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún ní omi rẹ̀ mu. Bí ó bá bì í, ó mórí bọ́. Bí ó bá kú, wọ́n gbà pé ó jẹ̀bi. Abẹ́ àṣẹ àwọn aláṣẹ ìlú ni èso náà wà nígbà náà, kì í ṣe ọjà gbogbo ayé.

Àwọn ajíhìnrere láti Skótílándì, tí wọ́n dé Kàlàbá ní 1846, fi èso náà ránṣẹ́ sí Edinburgh. Ní 1855, Robert Christison jẹ ẹ́ láti mọ agbára rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, omi ìfárùngbọ̀n rẹ̀ ló gbé mu kí ó lè bì. Ní 1863, Argyll Robertson fi hàn pé ó ń mú ọmọlójú kéré. Ní 1864, Jobst àti Hesse yọ ògidì májèlé inú rẹ̀ ní Jámánì. Àwọn ará Faransé sọ ọ́ ní eserine, láti inú orúkọ Èfìk náà. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi ń lò ó fún glaucoma, àrùn ojú tí ń fọ́ni lójú.

Báyìí ni irinṣẹ́ ìdájọ́ ṣe di ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Èso lásán ni Kàlàbá ń tà. Yúróòpù ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di oògùn olówó iyebíye. Ní 1935, Percy Julian, ọmọ-ọmọ ẹrú ní Amẹ́ríkà, àti Josef Pikl ṣe oògùn náà láìlo èso kankan.