Olè Tó Ń Tọrọ Kọ́kọ́rọ́

Kò sí ẹni tó jókòó gbọ́ àlọ́ rí nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ti Ajá àti Ìjàpá. Ìyàn mú, àwọn ẹranko fohùn ṣọ̀kan pé kí oníkálukú pa ìyá rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n Ajá gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sọ́run. Bí ebi bá ń pa á, yóò kọrin kan, ìyá rẹ̀ yóò sọ okùn sílẹ̀, Ajá yóò gòkè lọ jẹun. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí nínú àlọ́ ọ̀hún ni pé Ìjàpá kò fọ́lé, kò sì jí okùn. Orin ló mọ̀, ọ̀dọ̀ Ajá fúnra rẹ̀ ló sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀rẹ́. Ìyá tó wà lókè kò rí ojú ẹni tó ń kọrin. Orin ló gbọ́, ló bá sọ okùn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí gbogbo wa ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù, orin Ajá náà ni. Ọdún 1961 ló wọ inú kọ̀ǹpútà, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà. Ọ̀gbẹ́ni Fernando Corbató àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CTSS, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn tóbi bíi yàrá, ó sì wọ́n bí ojú. Kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, wọ́n fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò pẹ́ tó fi lu. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n ń fún òun lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ òun í ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fi káàdì oníhò pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó tẹ fáìlì tí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ kò bi í pé ta ni ọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó lọ kó ìwé rẹ̀. Kò sì dá a jẹ o, ó pín in fún àwọn mìíràn kí ẹ̀bi má baà jẹ́ ti òun nìkan. Ó lé ní ogún ọdún kó tó jẹ́wọ́.

Síbẹ̀, láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ nìkan ni ènìyàn ń sọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún. Ìgbà tí ìtàkùrọ̀sọ dé orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀ràn yí padà. Talkomatic bẹ̀rẹ̀ ní Illinois ní 1973, Jarkko Oikarinen sì ṣe IRC ní ilẹ̀ Finland ní 1988. Nígbà náà ni ẹlòmíràn wá wà ní òdìkejì, ẹni tó lè kíni, tó lè bẹni, tó lè pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe.

Orí AOL, ní Amẹ́ríkà, ni èyí ti kọ́kọ́ di òwò. Títí di òpin 1996, wákàtí ni AOL fi ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ sanwó ń fi nọ́ńbà káàdì báńkì ayédèrú wọlé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dí ọ̀nà yẹn ní 1995, wọ́n yíjú sí orúkọ àwọn tó ń sanwó. Ọ̀dọ́ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Da Chronic ti ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní AOHell, tó lè máa bá àlejò sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìtàkùrọ̀sọ pé: láti ọ́fíìsì AOL ni wá, ìwé yín ní ìṣòro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù yín ránṣẹ́ ká fi yẹ̀ ẹ́ wò. AOL kọ ìkìlọ̀ sójú fèrèsé ìtàkùrọ̀sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ àwọn kankan tí yóò béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn kan ṣì ń fi í ránṣẹ́. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti yọ orúkọ náà, phishing, ìyẹn ni pé ẹja ni wọ́n ń fi ìwọ̀ mú.

Àwọn kan á ní òmùgọ̀ ni àwọn tó jẹ ìwọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà lè wà lórí tábìlì di ọ̀la, ṣùgbọ́n ìtàkùrọ̀sọ kì í dúró. Ẹnì kan ń retí èsì, ẹ sì rí i pé ó ń retí. Yorùbá kì í fi ẹni tó kí i sílẹ̀ láìdáhùn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gan-an kò bọ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2021, àwọn olè wọ ilé iṣẹ́ Electronic Arts, àwọn tó ń ṣe eré bọ́ọ̀lù FIFA nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn olè náà ṣe sọ fún ìwé ìròyìn Motherboard, dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n fi ra ohun tó gbé wọn wọ Slack, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wá sọ fún àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ pé fóònù àwọn sọnù síbi àríyá lálẹ́ àná, kí wọ́n fún àwọn ní kóòdù mìíràn. Wọ́n fún wọn. Ẹrù tí wọ́n kó jẹ́ 780 gígábáìtì.

Nílé wa ńkọ́? Lónìí, ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣí ìwé báńkì orí fóònù fún ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, orí WhatsApp ni páásíwọ́ọ̀dù sì ń gbà. Òótọ́ ni pé láti 2016, WhatsApp ti ń di ọ̀rọ̀ gbogbo ní kọ́kọ́rọ́ kí ará ọ̀nà má baà kà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe fún èyí tó ti dé. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí fóònù méjèèjì, ọdún dé, ọdún lọ. Bí ẹnì kan bá já fóònù màmá gbà nínú dánfó ní Òṣòdì, tó sì rí i ṣí, kó ṣáà wá "password" nínú rẹ̀ ni.

Èyí tó burú jù ni ti nọ́ńbà mẹ́fà. Bí olè bá tẹ líìnì yín sórí fóònù tirẹ̀ láti fi ṣí WhatsApp, ọ̀dọ̀ yín ni nọ́ńbà mẹ́fà tí yóò fi wọlé yóò balẹ̀ sí. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Abẹ́òkúta: "Àbúrò mi, báwo ni? Mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Jọ̀ọ́, bá mi fi í ránṣẹ́ kíákíá." Àwòrán ẹ̀gbọ́n ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni, ohun tí ẹ jọ sọ lánàá ṣì wà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kọ́ o. Wọ́n ti gba ti ẹ̀gbọ́n láàárọ̀. Ta ni yóò sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́?" Ó tọ́ kéèyàn pè é kó gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí àfojúdi.

Ẹ fi í ránṣẹ́ tán, olè di ẹ̀yin. Yóò bọ́ sínú ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọléèwé àtijọ́ àti ti mọ̀lẹ́bí, yóò máa yá owó lórúkọ yín. Ẹ lè tún béèrè nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, olè yóò já síta. Àmọ́ láti 2017 ni WhatsApp ti fàyè gba kí ènìyàn fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì tìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ wa kò fi í sí i. Bí olè bá bá a láìsí, tó sì fi tirẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ni onílé yóò fi dúró níta. Olè kò sí nílé mọ́, onílé kò sì tíì wọlé. Láàárín ọjọ́ méje ọ̀hún, fóònù ni yóò máa dún, ìyá ìjọ kan tó ń béèrè bóyá owó tí òun fi ránṣẹ́ tó o, àbí kí òun tún fi kún un.