Ìlú tí ìjọ tẹ̀ dó, tí òkun ń jẹ

Ọ̀rọ̀ ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ kà á dópin.

Àwa tí à ń gbé Ṣómólú àti Bàrígà, a mọ àwọn ará Ìlàjẹ dáadáa. Àwọn ni wọ́n ń pẹja lórí ọ̀sà lẹ́yìn Bàrígà, ẹja wọn la fi ń jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé létí òkun ilé wọn, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn onígbàgbọ́ kan fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìlú kan dó? Ayétòrò lorúkọ rẹ̀.

Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925 tó sì tàn dé Ìlàjẹ, ni ìtàn náà ti ṣẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ yìí ta ko pípa ìbejì, wọn ò sì bá ará ìlú bọ òrìṣà. Inúnibíni bá dé. Wọ́n kó jáde, wọ́n lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ àbàtà létí òkun ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1947. Ìjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 4, ẹ kà á láti ẹsẹ 32. Ohun tá a máa ń wàásù, àwọn ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù. Ẹja, ilé, ọkọ̀, ti gbogbo wọn ni. Àpò kan ni wọ́n ń kówó sí, àpò yẹn ló ń bọ́ wọn, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tó ń rán ọmọ wọn níwèé. Láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà àti búrẹ́dì.

Ká má parọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ títí. Bí àwọn ọdún 1960 ṣe ń parí lọ, wọ́n fi ètò àpò kan sílẹ̀, kálukú ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú dúró, ìjọ dúró.

Ilẹ̀ ni kò dúró. Òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ibojì lọ. Ilé ìjọsìn wọn pàápàá, wọ́n ti gbé e sá fún omi. Ọdún 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ odi etí òkun jáde. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, òkun ṣì ń wó ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíì. Ní Amẹ́ríkà, ní erékùṣù South Carolina àti Georgia, àwọn Gullah wà níbẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà. Àwọn náà, etí òkun ni. Àwọn náà, ilé àdúrà kékeré onípákó ló so wọ́n pọ̀. Lọ́dún 1949, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú kan, Lorenzo Dow Turner, tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Owó orí ilẹ̀ àti àwọn olówó tó ń kọ́lé ìsinmi ń lé wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn ti wà lákọsílẹ̀, òfin ìjọba Amẹ́ríkà sì ti dá ogún ìní wọn mọ̀ láti ọdún 2006.

Ta ló ń kọ ti Ayétòrò? Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ wọn wà ní Bàrígà níbí. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ inú ìjọ, ẹ gbé fóònù yín, ẹ ká ohùn ìyá àti bàbá yín sílẹ̀. Ẹ bá ọmọ yín sọ èdè Ìlàjẹ nílé. Ẹni tó bá sì mọ aṣòfin kan, kó bá a sọ̀rọ̀ odi yẹn. À ń gbàdúrà, a ò sì ní dákẹ́; ṣùgbọ́n Nehemáyà gbàdúrà tán, ó tún mọ odi.

Kí Olúwa dáàbò bo Ayétòrò. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín síbí, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ti ibẹ̀ wá. Ọlọ́run á bùkún wa.