Ohùn Inú Àpótí: Rédíógíráàmù àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Láàárín ọdún 1950 sí 1980, ohun èlò díẹ̀ ni ó fi ọlá baálé ilé hàn nínú pálọ̀ tó rédíógíráàmù. Àpótí pákó gbọọrọ ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣóńṣó, ara rẹ̀ a sì máa dán bí dígí. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì wà ní apá kan, ẹ̀rọ tí ń yí àwo orin wà ní apá kejì. Èyí tí ń gbé ohùn jáde sì fara pamọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ tí a nà bo iwájú rẹ̀. Philips, Grundig, Telefunken àti HMV jẹ́ orúkọ tí ọmọdé ìgbà náà lè mọ̀ kí ó tó mọ ìwé kà. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà kì í sábà kúrò lápò baba. Aṣọ léèsì ni a fi ń bo orí rẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó ni a sì ń gbé lé e. Ẹni tí ó bá gbé ife omi lé e ti wá ìjà.

Lónìí, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ bí ó ti rí ní ibòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn mìíràn bọ́ sọ́wọ́ káfíńtà tí ó tú ìfun wọn dànù, tí ó sọ wọ́n di kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń gbé èyí tí baba wọn fi sílẹ̀ jáde wá sí ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe nínú ilé ara wọn. Iṣẹ́ gidi ni. Ohun tí ó yẹ kí a bi wọ́n ni pé, kí gan-an ni wọ́n ń tún ṣe: ṣé pákó ni, àbí ohùn?

Ohùn náà ní ìtàn. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, baba tí ó bí baba Fẹlá, kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ilé-iṣẹ́ bí Parlophone àti Odeon ti ń gba ohùn àwọn onísákárà àti àwọn onijùjú Èkó sílẹ̀. Túndé King wà lára wọn. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1948. Àwo ìgbà náà kì í ṣe rọ́bà rárá. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n ń pè é, oje tí kòkòrò kan ń pọn sára igi ní Íńdíà, tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta. Ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ohùn tí ojú kan rẹ̀ sì lè gbà kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ kà sí ju bí wọ́n ti ń kà á sí lọ. Akọrin tí ó ti mọ́ lára láti máa ki ènìyàn láti ìrọ̀lẹ́ di òru ní láti gé oríkì kúrú. Ó ní láti mú orúkọ ẹni tí ó ń kì wá sí iwájú, kí ó ṣa oríkì tí ó dùn jù lọ níbẹ̀, kí ó fi òwe kan dì í, kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín àwo. Nígbà tí àwo ńlá tí ń yí ní ìgbà 33 jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa lẹ́yìn náà, ojú kan rẹ̀ lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àpàlà àti jùjú wá rí àyè na ẹsẹ̀ wọn: akọrin a ki ẹnìkan tán, a bọ́ sórí ẹlòmíràn, ìlù kò ní dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ àwo 1950 nìkan, àti ẹni tí ó gbọ́ àwo 1975 nìkan, kò gbọ́ oríkì kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹnìkan ni méjèèjì ti jáde.

Kò yani lẹ́nu pé irú orin bẹ́ẹ̀ rí ilé ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ibi tí ààwẹ̀ Rámádàánì bá ti fìdí múlẹ̀ ni a ti ń gbọ́ wéré tí a fi ń jí ènìyàn sí sààrì, wéré sì bá àpàlà àti fújì tan. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Lígàlì Mukáíbà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà àpàlà. Ìkòròdú ní tirẹ̀ jẹ́ èbúté láàárín Rẹ́mọ àti Èkó. Ọ̀nà ọjà yìí wà lára ohun tí ó mú àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà títí di ọdún 1865. Ohun tí ọkọ̀ òkun bá já sí Èkó, ọkọ̀ ọ̀sà kì í pẹ́ gbé e dé Ìkòròdú.

Iná mànàmáná ni ó kù. Gírámófóònù tí a ń fi ọwọ́ wé kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n rédíógíráàmù ńlá kò lè ṣe láìsí i. Èkó ti rí iná láti 1896, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjọba dá ilé-iṣẹ́ mànàmáná ECN sílẹ̀ ní 1950 ni ọ̀rọ̀ iná àwọn ìlú yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í lójú díẹ̀díẹ̀. NEPA gba iṣẹ́ náà ní 1972. Ó dàbí àwàdà pé ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ibùdó mànàmáná Ẹ̀gbin ní agbègbè Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, ìgbà náà gan-an ni rédíógíráàmù ń kú lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí Philips mú jáde ní 1963 ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ti àtúnṣe, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ara rédíógíráàmù kì í ṣe pákó kan ṣoṣo. Pákó lásán ni inú rẹ̀; awẹ́ igi iyebíye kan, tí kò nípọn ju páálí lọ, ni a lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ọ̀rinrin a tú gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀, awẹ́ náà a sì máa gbé sókè bí èèpo ìdí àkàrà. Aláìmọ̀kan a ya á dànù, a sì fi ọ̀dà kùn ún. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a rọra fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ti gọ́ọ̀mù tuntun sí abẹ́ rẹ̀, a fi pákó títẹ́ tẹ̀ ẹ́, a sì dì í mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Níbi tí awẹ́ bá ti sọnù pátápátá, ọ̀gànwó lè rọ́pò rẹ̀. Igi kò sì jìnnà sí àwọn ará ọ̀sà, tí wọ́n fi ìgbà pípẹ́ rí gẹdú tí ń léfòó lórí omi lọ sí ibi ìlagi Oko Bàbá tí ó wà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta nígbà náà. Kí a yẹ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àpótí wò fún ikán kí a tó ṣe ohunkóhun. Ní ìgbẹ̀yìn, ṣẹ́láàkì tí a fi ṣe àwo orin náà ni àwọn àgbà káfíńtà ń yọ́ sínú sípíríìtì láti fi pa ara pákó kí ó lè dán.

Ti iná le ju ti pákó lọ. A kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ tí ó ti sùn fún ogójì ọdún, kí a sì ki í bọ ojú iná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kapásítọ̀ oníbébà inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí iná bá dé bá wọn lójijì, tiransifọ́mà lè jó, a kò sì ní rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà oníṣẹ́ rédíò ń lò ni pé kí a so gílóòbù 60 wáàtì sí ojú ọ̀nà iná náà. Bí gílóòbù bá tàn kedere tí kò rẹlẹ̀, nǹkan ti kan ara wọn nínú, kí a yára pa á. Bí ó bá tàn díẹ̀, tí ó sì rẹ̀ sílẹ̀, iná ń lọ bí ó ti yẹ. Agbára iná tí ó ju fólítì 200 lọ wà nínú ẹ̀rọ náà, ó sì lè dúró nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó tún pákó rẹ̀ ṣe, kí ó sì fi èyí sílẹ̀ fún oníṣẹ́ rédíò.

Ibi tí ọ̀rinrin ti ń ṣe iṣẹ́ ibi jù lọ ni orí apá tí ó di abẹ́rẹ́ mú. Nínú ọ̀pọ̀ rédíógíráàmù ìgbà náà, iyọ̀ kan tí a ń pè ní iyọ̀ Rochelle, tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ bí dígí, ni ó ń sọ gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ di iná tí ẹ̀rọ lè gbọ́. Iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́: ọ̀rinrin a yọ́ ọ. Mélòó nínú àwọn àpótí tí a ti sọ nù ni iyọ̀ yìí nìkan ṣe? Irú èyí tí a fi sẹ̀rámíìkì ṣe lè rọ́pò rẹ̀, kò sì ní yọ́. Rọ́bà kékeré tí ń yí àwo náà a máa le bí èkùrọ́. Bí a bá fi sáńpépà ra ojú rẹ̀ díẹ̀, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn kan kò ní sùúrù fún gbogbo èyí. Wọ́n a kó inú àpótí náà dànù, wọ́n a sì fi ẹ̀rọ Bluetooth sí i. Pákó ń dán, orin ń dún, àlejò ń yìn ín. Ohun ìní wọn ni, a kò lè bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní àtúnṣe. Pósí tí a kùn lọ́dà ni. Ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, àwọn tí ń tún àpótí eré olówó-ẹyọ ṣe nínú ilé, irú èyí tí Pong ti 1972 àti Space Invaders ti 1978 sọ di ìlúmọ̀ọ́ká, ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Tiwọn tilẹ̀ sàn, nítorí pé láti 1997 ni ètò kan tí ń jẹ́ MAME ti wà, tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ta eré àtijọ́ láìsí àpótí rẹ̀. Ẹ̀dà eré kan náà pọ̀ káàkiri ayé. Àwo tí akọrin fi ki ìjòyè ìlú kékeré kan ní 1955 lè má ju ẹyọ kan lọ mọ́, ó sì lè jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà kan ní Ẹ̀pẹ́ ni ó wà.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ àwo tuntun tí a ń tà lónìí, 33 àti 45 nìkan ni wọ́n mọ̀. Rédíógíráàmù mọ 78. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ a máa ní ojú méjì, èyí tí ó wà fún 78 nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èkejì; bí a bá fi èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ka àwo ṣẹ́láàkì, ìsàlẹ̀ kòtò ni yóò máa wọ́, ariwo ni a ó sì gbọ́. Kí a má ṣe fi sípíríìtì nu àwo náà, nítorí ohun tí ń yọ́ ṣẹ́láàkì fún káfíńtà yóò yọ́ ohùn akọrin pẹ̀lú. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tó, kí omi má kan bébà àárín rẹ̀. Bí ó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, kí a gba ohùn náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a kọ nọ́ńbà àti orúkọ tí ó wà lára bébà náà sí ìwé, kí a sì pe àgbà kan wá sí pálọ̀ láti sọ ta ni a ń kì, ọmọ agbo ilé wo ni, àti ohun tí ó ṣe tí akọrin fi dá a mọ̀.