Àṣìṣe Ilé Ìtẹ̀wó àti Ìbàjẹ́ Lásán lára Owó Onírin Tógò

Àṣìṣe ilé ìtẹ̀wó ni àléébù tó bá owó onírin kí ó tó kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun yòówù tó bá ṣe owó náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjà Assigamé tàbí nínú iyanrìn etíkun Lomé, ìbàjẹ́ lásán ni. Fàránkì CFA ni wọ́n ń ná ní Tógò. Báńkì BCEAO tó fìdí kalẹ̀ sí Dakar ló ń gbé e jáde, ilé ìtẹ̀wó ilẹ̀ Faransé, Monnaie de Paris, ló sì ń tẹ owó onírin rẹ̀ ní Pessac nítòsí Bordeaux.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ owó kò lè mọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ ní róbótó, ẹ̀rọ kan á ká etí rẹ̀ sókè, wọ́n á wá gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ìyẹn irin líle tí wọ́n fín àwòrán owó sí, tí yóò fún un pọ̀ tagbáratagbára. Nítorí náà, bí òǹtẹ̀ bá sán, irin owó á wọ ojú sísán náà, ìlà tó yọ sókè ni yóò sì hàn. Ìlà tó jinlẹ̀ wọnú, àpá ìṣó tàbí òkúta ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Owó tí etí rẹ̀ gé bí oṣù tuntun ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gé irin ló gun ojú ihò tó ti gé tẹ́lẹ̀, etí òdìkejì gan-an á rẹlẹ̀ tàbí kí ó má tilẹ̀ hàn, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń ká etí kò rí irin tì níbi tó ṣófo. Bí ó bá jẹ́ ayùn ni, etí òdìkejì á pé pérépéré, ìlà ayùn á sì hàn lójú ibi tí wọ́n gé. Lára owó oníirin méjì, bíi 250 fàránkì ti ọdún 1992 àti 200 pẹ̀lú 500 ti ọdún 2003, ihò ni kí a yẹ̀ wò bí àárín bá ti yọ: òrùka tí wọ́n tẹ̀ láìsí àárín, irin rẹ̀ á ti ṣàn wọnú ihò, èyí tí wọ́n yọ àárín rẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀, ihò rẹ̀ á mọ́ geere.

Atẹ́gùn oníyọ̀ Lomé kì í bá gbogbo irin jà bákan náà. 1 fàránkì ti ọdún 1961, tó jẹ́ alumíníọ̀mù, a máa yọ ẹtù funfun. Ti ọdún 1976, tó jẹ́ irin líle, bí ó bá dógùn-ún, ìpẹtà rẹ̀ lè wú sókè débi pé aláìmọ̀ á kà á sí òǹtẹ̀ tó sán. Owó 5, 10 àti 25 fàránkì, tí bàbà pọ̀ nínú wọn, a máa yọ ewú aláwọ̀ ewé. 100 fàránkì, tó jáde ní 1967, níkẹ́lì ni: òòfà ń fà á, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó gíráàmù 7. Èyí tó bá fúyẹ́, tí lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín káàkiri, ásíìdì ló jẹ ẹ́. Èyí tí òòfà kò fà, tí àwòrán rẹ̀ sì mú ṣinṣin, lè jẹ́ irin owó mìíràn tí wọ́n ṣèèṣì tẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ayédèrú.

Owó Tógò àtijọ́, 50 sàǹtíìmù, 1 àti 2 fàránkì tí Faransé tẹ̀ láàárín 1924 sí 1926, ló gba ìṣọ́ra jù. Bí ẹni tó hú wọn nílẹ̀ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n, omi kíkan á jẹ ojú irin náà, àní bí àṣìṣe tòótọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ á ti bá omi lọ.